Owó Tí Kò Gbọdọ̀ Dín

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Ọ̀jọ́ọ̀, èyí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bàbá mi pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìparí ọdún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò pupa fa ìlà sí orí rẹ̀ ní alaalẹ́, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ló ń kà. Owó ló ń ṣọ́. Owó kan wà nínú àkáǹtì bàbá mi tí kò gbọdọ̀ dín sí iye kan fún ọjọ́ 28 gbáko.

Òfin Ìlú Ọba ló sọ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ gba físà gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ilé-ìwé tí ó kù láti san àti owó tí òun yóò fi jẹun, tí òun yóò fi gbélé fún oṣù mẹ́sàn-án, wà nílẹ̀. Lọ́dún náà, £1,023 lóṣù ni wọ́n bù fún ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ kò sí ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹ bá mi fi mẹ́sàn-án sọ ọ́ di púpọ̀: £9,207. Bí owó ṣe rí nígbà náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 náírà nìyẹn, kí a tó fi owó ilé-ìwé kún un.

Bí a ṣe rí i nìyí. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó ta ilẹ̀ tí ó ní sí ọ̀nà Mọ́níyà, ilẹ̀ tí a máa ń gbin àgbàdo sí lọ́dọọdún. Màmá mi, tí ó ń ta tòmátò àti ata ní ọjà Ṣáṣá, kó àjọ rẹ̀. Àwọn àbúrò bàbá mi méjì fi tiwọn kún un. Gbogbo rẹ̀ ni a kó sínú àkáǹtì bàbá mi, nítorí òfin náà kò ka owó tí ó wà lórúkọ àbúrò bàbá ẹni sí owó ẹni. Ti akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ìyá àgbà yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ ní kí a kọ́kọ́ sanwó ná. Alẹ́ ni, ọjọ́ Àìkú sì ni. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fi ₦400,000 ránṣẹ́. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó bá a jiyàn, títí kan ẹ̀gbọ́n mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ẹbí ti dá owó náà padà sí ipò rẹ̀. Ọjọ́ 28 pé, a ṣe gbogbo ètò tí ó kù, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìkẹjà lọ tẹ̀ka. Ní oṣù Kẹjọ, lẹ́tà dé pé wọn kò fún un ní físà, nítorí fún ọjọ́ mẹ́rin owó náà kò tó.

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni mo wà nígbà tí olùkọ́ ìtàn wa sọ fún wa pé a lè kọ nípa ohunkóhun tí ó bá ní ọjọ́ orí. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá físà ní ọjọ́ orí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Lọ bi àwọn àgbà àdúgbò rẹ léèrè.”

Àgbà àdúgbò tí mo lọ bi ni onílé kan tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀n. Wọ́n ti lé ní ọdún 85. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ 28 fún wọn, wọn kò kọ́kọ́ yé e. Wọ́n ní, “Kí ni owó náà fẹ́ ṣe níbẹ̀ fún ọjọ́ 28? Ṣé ó fẹ́ pa ẹyin ni?”

Ọdún 1961 ni àwọn lọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol ní Àpápá. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ló ni ọkọ̀ náà. Òun, Accra àti Apapa ni ọkọ̀ mẹ́ta tí ó máa ń kó èrò láti Èkó lọ sí Liverpool nígbà náà. Ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni, wọ́n á yà ní Freetown, wọ́n á yà ní Las Palmas. Bàbá Lọ́ńdọ̀n ní pásípọ́ọ̀tù, wọ́n ní lẹ́tà ilé-ìwé tí ó gbà wọ́n láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ní kóòtù kan tí ẹ̀gbọ́n wọn rà ní Dùgbẹ̀. Wọn kò ní físà, nítorí kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sí ẹnu ibodè ní Liverpool bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe. Wọ́n ní àwọn wá kàwé. Ó lu òǹtẹ̀.

“Owó ńkọ́?” Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

“Owó ta ni?” Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò ní orí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kòkó bàbá wọn wà níbẹ̀. Àjọ ìyá wọn wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ta kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀. Ìjọ wọn gbé igbá ọrẹ fún wọn ní ọjọ́ Ìsinmi méjì. Ẹnì kan wà tí ó fún wọn ní ṣílè márùn-ún tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Wọ́n ní, “Ta ni a fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí orí irú owó bẹ́ẹ̀?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ bá olùkọ́ wa, òun ni mo sì fi ń wá ìtàn yìí kiri láti ìgbà náà. Ohun tí mo rí ni pé kò sí ìgbà kan tí ọmọ Yorùbá lọ kàwé lókè òkun tí ó fi owó ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó jìnnà jù lọ. Ọmọ Òṣogùn ni Samuel Ajayi Crowther, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa yìí. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Ní 1826 ó lọ sí Ìlú Ọba, ó kàwé fún ìgbà díẹ̀ ní Islington, ó padà wá sí Freetown, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay College ní 1827. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé ìnáwó rẹ̀. Bóyá ìyẹn kọ́ ni irú ìrìn àjò tí a ń sọ, nítorí ọmọ tí wọ́n jí gbé ni, kò sí ẹbí tí ó dájọ fún un. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń dúró fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1879 ni Christopher Sapara Williams, tí ìdílé rẹ̀ ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀n, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kofoworola Moore, tí a wá mọ̀ sí Ìyáàfin Ademola, gba oyè ní Oxford ní 1935. Àwọn ọmọ olówó Èkó ló pọ̀ jù nínú wọn. Òtítọ́ ni kí a sọ: ilẹ̀kùn náà ṣí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló lè dé ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú òfin àtijọ́ tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bí ní Èkó, tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1861, jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn, tí ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1893, wà lábẹ́ ààbò ni, nítorí náà ẹni tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò ni ará Ìbàdàn, kì í ṣe ọmọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jọ wọ ọkọ̀ kan náà ní Èkó, ìwé wọn á sì yàtọ̀. Síbẹ̀ wọn kò ka ẹnì kankan nínú wọn sí àjèjì tí ó gbọ́dọ̀ gba físà.

Ibi tí ìyà wà ni ẹ̀yìn ibodè. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀n ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ohun tí ojú gbogbo wọn ń rí: onílé á wo àwọ̀ ara ẹni, á ní ilé ti kún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright láti Sierra Leone, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi 20, dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU. Wọ́n fẹ́ ilé tiwọn. Wọn kò ní owó. Kí ni Solanke ṣe? Ó wọ ọkọ̀ padà sílé. Láti 1929 títí di 1932 ni ó ń rìn kiri etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, láti ìlú dé ìlú, ó ń bá ọba àti oníṣòwò, olùkọ́ àti oníwàásù sọ̀rọ̀, ó ń gba owó. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ní 1933, ilé WASU ṣí ní agbègbè Camden ní Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí mo kà á, ohun tí mo rò ni iye ìyá oníṣòwò tí owó wọn wà nínú ilé náà, tí wọn kò sì fojú kan Lọ́ńdọ̀n rí.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ṣe é. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbìbìò dá owó jọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ wa ní bí òun bá ní agbára, òun á fi ìtàn yẹn sínú ìwé gbogbo ilé-ìwé ní Nàìjíríà. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Ní Ìbàdàn níbí, ẹni tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ tiwa jù lọ ni Olóyè Obafemi Awolowo. Ìbàdàn ni ó ti ń ṣe òwò irè oko àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ìbàdàn náà ni ó jókòó sí tí ó fi ka ìwé títí ó fi gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944, láìtíì fi ẹsẹ̀ kan Lọ́ńdọ̀n. Ọdún yẹn kan náà ni ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń jà. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 35. Ìyàwó rẹ̀, HID, dúró ti àwọn ọmọ nílé. Ní 1946 ó parí, ó padà wá di agbẹjọ́rò ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, ní 1945, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n. Mo máa ń ro ti àkáǹtì rẹ̀. Ẹni tí òwò rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí gbèsè ọkọ̀ akẹ́rù ń yọ lẹ́nu, ṣé owó rẹ̀ ì bá dúró sójú kan fún ọjọ́ 28?

Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń gba oyè Lọ́ńdọ̀n títí ó fi di Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962. Láti ilé wa, ọkọ̀ Mikra kan péré ló gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ fún oyè àkọ́kọ́ rẹ̀. Bàbá Lọ́ńdọ̀n sọ pé nígbà tí àwọn wà ní ọmọdé, igbó ni Ọ̀jọ́ọ̀, pé lẹ́yìn tí wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní 1967 ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Mo ti rìn jìnnà sí físà; ẹ jẹ́ kí n padà.

Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1962 ni òfin tí ó kọ́kọ́ dí ọ̀nà fún àwọn ará Kọmọ́ńwẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá Lọ́ńdọ̀n ti wọlé ní ọdún kan ṣáájú. Àwọn tí ó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ni òfin náà dojú kọ gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní ilé-ìwé tí ó gbà á ṣì ń wọlé. Òfin ọdún 1971, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 1973, tún fún okùn náà pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé láti ọdún ẹ̀kọ́ 1980, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá gbọ́dọ̀ san iye owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kíkún. Síbẹ̀ náà, ọmọ Nàìjíríà lè wọ bààlúù ní Èkó láìní físà.

Ọdún 1986 ni ó yí padà, ọdún yẹn sì tọ́ kí ènìyàn dúró wò dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ará orílẹ̀-èdè márùn-ún gbọ́dọ̀ máa gba físà kí wọ́n tó gbéra: Íńdíà, Pakistan, Bangladesh, Gánà àti Nàìjíríà. Oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà ni ìjọba Ọ̀gágun Babangida ṣí ọjà tuntun fún pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, lábẹ́ ètò tí àwọn òbí wa mọ̀ sí SAP. Náírà tí kò tó méjì fún dọ́là kan tẹ́lẹ̀ ré kọjá mẹ́rin. Nínú oṣù kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn méjì ló ti: ti ìwé àti ti owó. Mo bi bàbá mi bóyá ó rántí. Ó ní ọmọ ilé-ìwé gíga ni òun nígbà náà, pé òun ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ti ra báàgì.

Oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Wole Soyinka gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Ìbàdàn ló ti ka ọdún méjì àkọ́kọ́, kí ó tó lọ sí Leeds ní 1954. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Kò sí ẹni tí mo rí tí ó so nǹkan méjèèjì pọ̀ nígbà náà, bóyá èmi nìkan ni mo ń rò ó jù.

Láti 1986 wá, ìbéèrè ló ń pọ̀ sí i. Ní 2009 wọ́n gbé ètò máàkì dé. Lónìí, máàkì 70 ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní: 50 fún ilé-ìwé tí ó gbà á, 10 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 10 fún owó. Kò sí ẹni tí ó ń gba 69. Ó gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Láti 2015 ni ó tún ti ń san owó ìtọ́jú ìlera sílẹ̀ kí ó tó gbéra, £776 lọ́dún kan ní báyìí fún akẹ́kọ̀ọ́, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní 60 nínú 70. Ní ilé-ìwé wa, ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí ó dúró lórí ìlà kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ń lọ kàwé kò lè mú aya tàbí ọkọ àti ọmọ lọ mọ́, àfi àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá Lọ́ńdọ̀n, mo rò pé wọ́n á tún ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé ìyàwó àwọn wá bá àwọn, wọ́n bí ọmọ méjì níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń kàwé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Wọ́n gbé àkọ́bí fún ìdílé òyìnbó kan ní abúlé láti bá wọn tọ́jú, wọ́n ń sanwó fún wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà àti Gánà ló ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1970. Wọ́n máa ń wo ọmọ náà ní òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, tí wọ́n fẹ́ mú un padà, ó sá sẹ́yìn ìyá òyìnbó náà. “Kò gbọ́ Yorùbá,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tí ó bá sọ fún un yín pé ayé àtijọ́ dùn, kí ẹ bi í pé fún ta ni.

Mo padà bi wọ́n bóyá wọ́n san owó tí gbogbo ẹbí dá fún wọn padà. Wọ́n ní irú owó bẹ́ẹ̀ kì í tán ní sísan. Nígbà tí wọ́n dé ní 1969, wọ́n rán ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó ta kẹ̀kẹ́ ní ilé-ìwé. Wọ́n sanwó ilé ìwòsàn, wọ́n ra páànù fún orí ilé. Ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé wọn yìí ní Ọ̀jọ́ọ̀, ọmọ ẹbí méje ló kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀. Mo rò ó pé bí owó bàbá mi ṣe rí náà nìyí. Ó jáde fún ìyá àgbà, ó sì padà láti ọwọ́ àwọn àbúrò. Lójú ẹbí wa, owó náà kò dín rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wo ìwé báńkì láti ọ̀nà jíjìn kò lè rí àwọn àbúrò. Nọ́ńbà ló rí. Mi ò lè bú u. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yá owó oníhàlẹ̀ sínú àkáǹtì, wọ́n á gbé e jáde lọ́jọ́ kejì, nítorí wọn sì ni ọjọ́ 28 ṣe wà.

Ẹ̀gbọ́n mi tún un ṣe lọ́dún 2025. Ilé-ìwé náà sún ààyè rẹ̀ síwájú fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kìíní ọdún yẹn, £1,023 ti di £1,136, nítorí náà £9,207 ti di £10,224. Bàbá mi tún lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bàbá Lọ́ńdọ̀n ránṣẹ́ pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fún mi ní àpòòwé kan pé kí n gbé e fún bàbá mi. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ṣílè márùn-ún ni.

Kàlẹ́ńdà tuntun wà lára ògiri, bírò pupa kan náà. Ìyá àgbà ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà náà, wọ́n sì ń gbé ọ̀dọ̀ wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, wọ́n kéde ní pálọ̀ pé àwọn kò ní ṣàìsàn títí ìlà 28 yóò fi pé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo ṣàkíyèsí pé wọn kò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ láti wo àwọn ọkọ̀. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní oòrùn ló ń mú àwọn. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, mo jí lóru láti mu omi, mo sì gbọ́ ìró kan láti inú yàrá wọn, ìró ẹni tí ó ń kérora tí ó sì fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, “Ta nìyẹn? Lọ sùn.” Mo lọ sùn. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n lọ sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi fa ìlà tí ó kẹ́yìn, ó sì fa á lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi lọ sí báńkì lọ gba ìwé àkáǹtì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Nígbà tí ó wọlé, ìyá àgbà ti wọ aṣọ, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n jókòó sórí àga pẹ̀lú báàgì wọn lórí ẹsẹ̀.

Wọ́n ní, “Ṣé ó ti pé?”

Bàbá mi ní, “Ó ti pé, Mọ̀ọ́mì.”

Wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn.”